Ẹ má pè é ní èpò: koríko àgbìnwò lèmi fara mọ́

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí látàná, pé kí la máa pe àwọn koríko tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé kó lè rẹwà, ẹ̀gbọ́n kan wá ní ká pè é ní "èpò ọ̀ṣọ́". Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, mi ò gbà. Ohun tó bá ti hù síbi tá ò ti fẹ́ ẹ ló ń jẹ́ èpò, àgbàdo gan-an tó bá lalẹ̀ hù láàárín ẹ̀pà, èpò ni. Koríko ní tiẹ̀, ẹbí ni: àgbàdo, ìrẹsì, ìrèké, ọkà bàbà títí dórí ọparun, ẹbí koríko ni gbogbo wọn, torí náà ẹni tó ní "koríko kì í ṣe ohun téèyàn ń gbìn" yẹn, kó tún un rò jàre.

Ẹ wo èkan. Àgbẹ̀ tó bá rí i lóko á káwọ́ lérí, torí ẹnu gbòǹgbò ẹ̀ mú ṣóńṣó débi pé ó ń gún iṣu já lábẹ́ ilẹ̀. Èkan yìí kan náà ní irú kan tórí ewé ẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, Red Baron ni wọ́n ń pè é, wọ́n ń tà á nínú ìkòkò fún ọ̀ṣọ́. Ìjọba Amẹ́ríkà ka èkan mọ́ èpò búburú, àwọn ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀ ò sì gbà kí wọ́n ta Red Baron náà, torí pupa yẹn lè ṣí kúrò lára ẹ̀, kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri bí èkan oko.

Orúkọ wá ńkọ́? "Koríko ọ̀ṣọ́" dùn létí, àmọ́ ṣé a ń fi àmì sí nǹkan lórí fóònù ni? "Koriko oso", ẹlòmíì á kà á sí koríko oṣó. "Koríko ẹwà" á di ti ẹ̀wà, "koríko ẹ̀yẹ" á di ti ẹyẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú "koríko àgbìnwò" wá, ohun tá a gbìn ká lè máa wò ó. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní "gbìn ín wò" ni kéèyàn fi dánra wò. Òótọ́ ni, kò sì burú, ìdì kan ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ gbìn, kó fi wò ó bóyá á dúró sójú kan àbí á máa rìn. Orúkọ yìí tún yà á sọ́tọ̀ sí koríko ilẹ̀ tá a ń fi ẹ̀rọ gé mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Àgbìnwò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ti tó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, kí tuntun tó rú, ẹ fokùn dì í bí ìgbálẹ̀ kẹ́ ẹ tó gé e kó má baà fọ́n ká.

Ti òdòdó orí ẹ̀ tí wọ́n ní ká pè ní "ìyẹ́", ìyẹ́ wo? Irun wẹ́wẹ́ ló kún orí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, tí atẹ́gùn bá fẹ́ á tẹ̀ á tún nà, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá wà lẹ́yìn ẹ̀ ẹ lè ka irun náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìrùkẹ̀rẹ̀ nìyẹn o.

Làbẹ̀làbẹ̀ tẹ́nì kan kà mọ́ koríko, ẹbí míì ni. Ẹ fọwọ́ yí ọ̀pá ẹ̀ wò, igun mẹ́ta lẹ máa bá níbẹ̀, ọ̀pá koríko rí róbótó, ó sì ní oríkèé.