Àpérò kọ́, líìgì kọ́: kí ni ká máa pe irú ohun tí NESCAC jẹ́?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìròyìn eré ìdárayá fún àwọn Yorùbá tó wà ní Massachusetts béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ wa: kí ni ká máa pe "conference" nígbà tí kì í ṣe ìpàdé là ń wí, tó jẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó para pọ̀ láti máa bá ara wọn díje? Àpẹẹrẹ tó mú wá ni NESCAC, ìyẹn New England Small College Athletic Conference (New England ni wọ́n ń pe àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà kan ní àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà). Ẹnìkan fèsì pé "àpérò" ti tó. Ẹlòmíràn ní "líìgì" ni àwọn oníròyìn eré ń sọ lórí rédíò, kí la tún ń wá kiri? Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìbàdàn ní ká sáà pè é ní "NUGA tiwọn", bí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Nàìjíríà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ, lójú tèmi, a kò sì tíì wo ilé èyí dáadáa.

Mọ́kànlá ni wọ́n. Bates, Bowdoin àti Colby wà ní Maine. Middlebury wà ní Vermont. Amherst, Williams àti Tufts wà ní Massachusetts. Trinity, Wesleyan àti Connecticut College wà ní Connecticut. Hamilton nìkan ló wà ní ìpínlẹ̀ New York. Aládàáni ni gbogbo wọn. Ọdún 1971 ni wọ́n dá NESCAC sílẹ̀, ṣùgbọ́n láti 1955 ni Amherst, Bowdoin, Wesleyan àti Williams ti jọ kọ àdéhùn sílẹ̀ lórí bí wọn yóò ṣe máa ṣe eré ìdárayá láàárín ara wọn. Union wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀, ó kúrò ní 1977. Connecticut College wọlé ní 1982.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí nìyí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje, ọdún 1859, Amherst àti Williams pàdé ní ìlú Pittsfield, wọ́n gbá baseball, Amherst sì na Williams ní 73 sí 32. Òun ni wọ́n kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láàárín ilé-ẹ̀kọ́ gíga méjì ní Amẹ́ríkà. Kò sí NESCAC nígbà náà, kò sì sí ohun tó jọ ọ́. Ìdíje sáà wáyé. Nígbà tí NESCAC wá dé ní 1971, kò gbé ife-ẹ̀yẹ kankan kalẹ̀. Ó di nǹkan bí sáà 1999 sí 2000 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdíje aṣíwájú lábẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ eré. Ìyẹn ni pé ìdíje wà fún ọdún 112 láìsí NESCAC, NESCAC náà sì wà fún nǹkan bí ọdún 28 láìsí ife nínú ọ̀pọ̀ eré. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ife ló sọ ọ́ di ohun tó jẹ́.

Òfin tí wọ́n jọ gbà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ààrẹ ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí fúnra wọn ló ń pàṣẹ lórí eré, wọn kò fi í sílẹ̀ fún àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá. Wọn kì í fún ọmọ ní owó ẹ̀kọ́ nítorí pé ó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ohun tí òbí rẹ̀ lágbára láti san ni wọ́n ń wò. Wọ́n fi ààlà sí ìgbà tí ìgbaradì lè bẹ̀rẹ̀ àti iye eré tí ẹgbẹ́ kan lè gbá ní sáà kan. Kí ó tó di 1993, wọn kì í tilẹ̀ jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ sí ìdíje àṣekágbá NCAA, àjọ tó ń darí eré àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà, kí eré má baà gba ibi ìwé mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wà láàárín wọn yóò gba gbogbo èyí. Ọ̀rọ̀ tí a bá máa lò gbọ́dọ̀ lè gbé ìmọ̀ yìí.

Líìgì kò lè gbé e. Tí a bá ti dárúkọ líìgì létí Yorùbá, tábìlì máàkì ló ń wá sọ́kàn: ta ló wà lókè, ta ni yóò já wálẹ̀ lópin sáà. Kò sí ẹni tó ń já wálẹ̀ nínú NESCAC. Ilé-ẹ̀kọ́ kan lè fìdí rẹmi fún ọdún mẹ́wàá gbáko, ọmọ ilé ṣì ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, eré tó wà lábẹ́ rẹ̀ lé ní ogún, tọkùnrin tobìnrin, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní tábìlì tirẹ̀. Líìgì ló pọ̀ nínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe líìgì. Ivy League, ìyẹn ti àwọn Harvard àti Yale, ńkọ́? Orúkọ ni ìyẹn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní 1954 ló so eré gbogbo wọn pọ̀, àmọ́ lónìí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń dárúkọ rẹ̀ kò ro eré mọ́ rárá, ilé-ẹ̀kọ́ tó ṣòroó wọ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn.

Ẹni tó mú àpérò wá ní ẹ̀rí lọ́wọ́, ó yẹ ká sọ ọ́. Ní 1895, àwọn olórí yunifásítì méje ṣe ìpàdé ní Chicago lórí bí wọn yóò ṣe kó eré àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níjàánu. Ìpàdé yẹn ló bí ohun tí a mọ̀ sí Big Ten lónìí, irú NESCAC kan tó jẹ́ ti àwọn yunifásítì ńlá. Ìpàdé ló fún ẹgbẹ́ náà lórúkọ. Irú rẹ̀ wà lédè wa: láti ara gbìmọ̀ ni ìgbìmọ̀ ti wá, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ló di orúkọ àwọn tó ń ṣe é. Ká ní àtijọ́ ni a ti mú àpérò lò bẹ́ẹ̀, ì bá ti rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n àpérò ti ní ibi tó jókòó sí báyìí. Bí ìwé ìròyìn bá kọ ọ́ pé "Trinity gba ife àpérò", òǹkàwé á rò pé ìdíje ọ̀rọ̀ sísọ ni.

Ní ti NUGA, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Láti 1965 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, àwọn yunifásítì Nàìjíríà máa ń péjọ sí ọgbà ọ̀kan nínú wọn, wọ́n á sáré, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á ka mẹ́dà, kálukú á gbalé lọ. Àjọ̀dún eré ni, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àwọn ti New England ń lọ sílé ara wọn ní sáà dé sáà, òfin náà sì ń dè wọ́n lọ́jọ́ tí kò sí eré kankan.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní ká lo "ẹgbẹ́" tàbí "àjọ". Ẹgbẹ́ ti níṣẹ́ lọ́wọ́: òun là ń pe àwọn tó wọ pápá. "Ẹgbẹ́ tó ṣíwájú nínú ẹgbẹ́" kò ní yé ẹnikẹ́ni. Àjọ ní tirẹ̀, òun là ń pe NCAA tó wà lórí gbogbo wọn, bí a ṣe ń pe FIFA.

Nítorí náà, ohun tí mo mú wá ni "àjọdíje". Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá wà nínú rẹ̀ jẹ́ "alájọdíje". Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé jọ tó wà láàárín rẹ̀ ń sọ ohun tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yìí ṣe ní 1971: wọ́n jọ gbà kí wọ́n tó jọ gbá. Bí ẹnìkan bá ní ó dún bí ìdíje kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ṣe, ẹ jẹ́ kó wo àjọbí. Bíbí ló wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ ìkúnlẹ̀ là ń pè bẹ́ẹ̀. Okùn tó so àwọn tí a bí náà pọ̀ títí ayé ni. Àjọdíje lè rìn ọ̀nà kan náà.

Ó ku àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká. Ẹ má ṣe kọ "kọ́lẹ́ẹ̀jì". Nílé, ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé á gbà á sí. "Ilé-ẹ̀kọ́ gíga" ló yẹ. Ẹ má sì kọ "kékeré" lásán, nítorí yóò dún bí ẹni pé wọn kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ sì ni ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí wà lára èyí tó ṣòroó wọ̀ jù ní Amẹ́ríkà. Iye akẹ́kọ̀ọ́ ni kíkékeré wọn. Nǹkan bí 2,000 ni ti ọ̀pọ̀ nínú wọn, Tufts ló pọ̀ jùyẹn lọ dáadáa. "Oníwọ̀nba akẹ́kọ̀ọ́" ni mo máa lò. Bákan náà ni "Division III", tí NCAA dá sílẹ̀ ní 1973 fún àwọn tí kì í fún eléré ní owó ẹ̀kọ́: "ẹ̀ka kẹta" ni, kì í ṣe "ìpele kẹta", torí bíborí nínú eré kì í gbé ẹnikẹ́ni gòkè kúrò níbẹ̀.

Àbúrò mi, bí ìròyìn rẹ kò bá tíì jáde, gbìyànjú gbólóhùn yìí wò: "NESCAC, àjọdíje àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga aládàáni oníwọ̀nba akẹ́kọ̀ọ́ ní New England àti New York, ni Amherst àti Williams ti jọ jẹ́ alájọdíje láti 1971." Kà á sókè fún ẹnìkan tí kò mọ̀ nípa eré Amẹ́ríkà, kí o sì kọ ohun tó bá yé e ránṣẹ́ sí wa.