Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Ṣé mo gbọ́dọ̀ gba káàdì owó-orí fún ọmọ kí n tó ṣí àkáǹtì fún un?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́. Mo fẹ́ ṣí àkáǹtì ìfowópamọ́ fún àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún mẹ́rin ni wọ́n. Báńkì ní kí n mú NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ti ọmọ kọ̀ọ̀kan wá. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń sọ pé òfin owó-orí tuntun ti dé, pé ọmọdé náà gbọ́dọ̀ ní káàdì owó-orí tirẹ̀. Ilé kọ̀ǹpútà kan ní kí n wá sanwó kí àwọn bá mi ṣe é fún ọmọ méjèèjì. Ìwé ilé ìwòsàn tí mo bí wọn sí nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Èmi ní NIN, àmọ́ orúkọ ilé bàbá mi ló ṣì wà lórí rẹ̀. Bàbá wọn náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú mìíràn ló ti ń ṣiṣẹ́. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe, èwo ni kò kàn mí?

Akọ̀wé Owó-orí:
Ẹ kú ìtọ́jú o, Ìyá Ìbejì. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni torí káàdì owó-orí, kò sí káàdì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ẹni tó ń san owó-orí mọ̀ ni Tax ID. Lábẹ́ òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026, NIN ni wọ́n fi ń dá ènìyàn kọ̀ọ̀kan mọ̀ nídìí owó-orí. Ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ (RC) ni wọ́n ń lò. FIRS, iléeṣẹ́ owó-orí ìjọba àpapọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ tẹ́lẹ̀, náà ti di Nigeria Revenue Service, èyí sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dàrú mọ́ àwọn ènìyàn lójú.

Ohun tó yẹ kó fi yín lọ́kàn balẹ̀ ni pé ẹni tó ń rí owó nídìí iṣẹ́ tàbí òwò ni òfin ń béèrè Tax ID lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí òbí ń bọ́ kò sí lára wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní owó kankan tó ń wọlé fún un náà kò sí lára wọn. Kódà àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí wọ́n máa gbé owó-orí lé lọ́dún kan, wọn kì í yọ nǹkan kan níbẹ̀. Owó tí ẹ̀yin òbí bá sì ń fi pamọ́ sínú àkáǹtì ọmọ kì í ṣe owó iṣẹ́ ọmọ. Bó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ọmọ ń gbowó, bíi kó máa ṣeré nínú sinimá tàbí ìpolówó ọjà, NIN kan náà lẹ máa mú lọ sí iléeṣẹ́ owó-orí ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé, bíi LIRS l'Ékòó. Nítorí náà NIN lẹ ń wá. Ẹni tó ní òun máa ṣe nǹkan méjì fún yín ń fẹ́ gba owó yín lásán ni.

Ọ̀gá Ìforúkọsílẹ̀:
Òótọ́ ni Akọ̀wé sọ. NIN náà fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, ń ṣe é nílé níbí, fún ọmọdé àti àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì gba ọ̀dọ̀ wọn lọ, ìwé tí ẹ ní kò tó. Ìwé ilé ìwòsàn kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí ìbí. Ẹ̀rí pé wọ́n bí ọmọ ni, òun lẹ máa mú lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé ìbí ti Àjọ Ìkànìyàn, NPC, ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Àwọn mìíràn nínú àwọn akọ̀wé yìí máa ń jókòó sí ilé ìwòsàn ìjọba. Òfin fẹ́ ká forúkọ ìbí sílẹ̀ láàárín 60 ọjọ́. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣì máa ṣe é, wọ́n kàn lè béèrè ẹ̀rí sí i ni. Ẹ mú ìwé ilé ìwòsàn, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára bó bá wà, àti NIN ẹ̀yin òbí méjèèjì dání. Ìwé-ẹ̀rí méjì lẹ máa gbà, kálukú pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀.

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ohunkóhun tí akọ̀wé bá kọ síbẹ̀ ni NIMC máa dà kọ, ti NIMC ni báńkì, iléeṣẹ́ pásípọ́ọ̀tù àti JAMB máa tẹ̀lé. Orúkọ Yorùbá ló ń fa wàhálà jù. Kọ̀ǹpútà wọn kì í gba àmì ohùn, nítorí náà Táíwò lè di Taiwo, Taiye tàbí Tayewo, gẹ́gẹ́ bí ó bá ṣe dún létí ẹni tó ń kọ ọ́. Kẹ́hìndé lè di Kehinde lónìí kó di Kenny lọ́la. Ẹ pinnu ọ̀kan láti ilé, ẹ kọ ọ́ sórí bébà ní lẹ́tà ńlá, kí ẹ gbé bébà náà síwájú akọ̀wé. Ẹ má pe orúkọ lẹ́nu kó máa tẹ̀ ẹ́. Orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Olúwa, ẹ kọ ọ́ pé pérépéré láìfi àlàfo sáàárín, ẹ má gé e kúrú. Bí orúkọ ìdílé bá ní àmì ìsopọ̀, ẹ wo bó ṣe wà lórí NIN bàbá wọn, kí tọmọ bá a mu.

Ọjọ́ ìbí ńkọ́? Ẹ tún ìwé ilé ìwòsàn wò dáadáa. Ìbejì tí wọ́n bí lóru lè ní ọjọ́ ìbí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí Táíwò bá dé kí aago méjìlá tó lù tí Kẹ́hìndé sì dé lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó wà nínú ìwé ni kí ẹ tẹ̀ lé, ẹ má sọ ọ́ di ọ̀kan torí kó lè rọrùn. Ẹ sì ṣọ́ ọjọ́ àti oṣù kí wọ́n má gba ipò ara wọn, torí 05/08 lè jẹ́ oṣù Kẹjọ lójú yín kó jẹ́ oṣù Karùn-ún lójú ẹlòmíràn. Àtúnṣe ọjọ́ ìbí lórí NIN, ₦28,574 ni NIMC kéde ní 2025. Àtúnṣe orúkọ, ₦2,000. Ọmọ méjì lẹ ní o, ìlọ́po méjì ni gbogbo àṣìṣe máa jẹ́.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣé gan-an ni, Olúwa á bù kún yín. NIN mi tó ń jẹ́ orúkọ ilé bàbá mi ńkọ́? Ṣé mo gbọ́dọ̀ dúró de bàbá wọn ni? Ṣé àwọn ọmọ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀?

Ọ̀gá Ìforúkọsílẹ̀:
Ẹ ò ní láti dúró dè é. Ní NIMC, òbí kan tó ní NIN ti tó, nọ́ńbà yín ni wọ́n máa so ti ọmọ mọ́. Ohun tí wọ́n máa wò ni bóyá ìyá tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé-ẹ̀rí ìbí ló dúró níwájú wọn lóòótọ́. Torí pé ẹ ò tíì gba ìwé-ẹ̀rí yẹn, ọ̀nà àbáyọ wà lọ́wọ́ yín: ẹ jẹ́ kí akọ̀wé NPC kọ orúkọ yín bó ṣe wà lórí NIN yín gan-an. Orúkọ ìdílé àwọn ọmọ á jẹ́ ti bàbá wọn, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ìyá tí wọ́n bá ti kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ sórí ìwé ìbí ọmọ, tí NIN rẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ ilé bàbá, ló máa wá ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó dání, tàbí kó kọ́kọ́ tún NIN ṣe, tàbí kí bàbá ọmọ lọ dípò rẹ̀.

Àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, torí wọ́n máa ya wọ́n ní fọ́tò. Ẹ kọ́kọ́ kún fọ́ọ̀mù lórí penrol.nimc.gov.ng, fọ́ọ̀mù kan fún ọmọ kan, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Àmì tí ẹ̀rọ wọn máa kà wà lórí rẹ̀, ó ń dín iṣẹ́ títẹ̀ kù, ó sì ń dín àṣìṣe kù. Ẹ mú un lọ pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí ìbí, ojúlówó àti ẹ̀dà, àti NIN tiyín. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù tí ẹ mọ̀ pé ẹ ò ní jù nù sílẹ̀ fún wọn.

Wọ́n máa ń ṣe àṣìṣe kan fún ìbejì: fọ́tò Táíwò lè bọ́ sábẹ́ orúkọ Kẹ́hìndé, pàápàá bí wọ́n bá jọra tí wọ́n sì wọ aṣọ kan náà. Ẹ wọ aṣọ àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún wọn lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí iṣẹ́ ọ̀kan pátápátá, kí ẹ wo ojú kọ̀ǹpútà, orúkọ, ọjọ́ ìbí, akọ tàbí abo, fọ́tò, kí wọ́n tó pe èkejì. Fìlà àti gèlè ò gbọdọ̀ bo ojú. Ọmọ tó ń sùn, ẹ jí i kí ó lajú.

Ọmọ tí kò tíì pé 16, wọn kì í gba ìtẹ̀ka rẹ̀ bíi ti àgbà. Bó bá pé 16, ẹ máa mú un padà lọ kó wá tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Nọ́ńbà náà kò ní yí padà. Ẹ má jẹ́ kó di ìgbà tí JAMB bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Àǹtí Báńkì:
Ní ti àkáǹtì: ẹ̀yin lẹ máa ṣí i, ẹ̀yin lẹ sì máa máa darí rẹ̀ títí ọmọ yóò fi pé 18. BVN tiyín, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì, ni wọ́n máa lò. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ yín, ìwé owó iná tó fi ibi tí ẹ ń gbé hàn, ìwé-ẹ̀rí ìbí, NIN ọmọ, àti fọ́tò pélébé tiyín àti tọmọ. Fọ́ọ̀mù ọmọ méjèèjì, ẹ fi wọ́n sínú àpòòwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀ láàárín ìwé ìbí àti NIN, a máa dá ìwé padà, kì í ṣe pé a fẹ́ fìyà jẹ yín, ẹ̀rọ ni kò ní gbà á.

Màmá Dámi:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo jábọ́ sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ-ọmọ mi ló wà lọ́dọ̀ mi, àwọn òbí rẹ̀ wà lókè òkun. Ṣé èmi lè mú un lọ?

Lọ́yà Àdúgbò:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Mà. NIMC ń gba alágbàtọ́ tó bá ní NIN tirẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ fi hàn ni pé ọwọ́ yín ni ọmọ wà. Ẹ jẹ́ kí àwọn òbí rẹ̀ kọ lẹ́tà, kí wọ́n so ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ wọn mọ́ ọn, kí ẹ sì ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù tí yóò sọ àjọṣe yín pẹ̀lú ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ní ọ́fíìsì tí ẹ máa lọ bóyá wọ́n fẹ́ nǹkan mìíràn, kí ẹ má baà gbé ọmọ lọ gbé e bọ̀.

Ìyá Ìbejì, ẹ má fi ìwé NIN àwọn ọmọ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ kankan, ì báà jẹ́ ti ilé-ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má fi í lé ilé kọ̀ǹpútà yẹn lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì:
Mo ti gbọ́, Lọ́yà. Ọjọ́ Ajé ni mo máa gba ọ̀dọ̀ NPC lọ. Bí NIN ò bá wá jáde lọ́jọ́ náà, ṣé kí n lọ ṣe é níbòmíràn?

Ọ̀gá Ìforúkọsílẹ̀:
Rárá o. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ènìyàn ń forúkọ sílẹ̀. Bí ẹ bá tún bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn, ẹ̀rọ lè rí i bí ẹni tó fẹ́ gba nọ́ńbà méjì, ti àkọ́kọ́ náà á sì há. Ẹ gba ìwé tó ní tracking ID, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń tọpa ìforúkọsílẹ̀, fún ọmọ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, òun lẹ máa mú padà lọ sí ọ́fíìsì kan náà láti béèrè. Bí nọ́ńbà náà bá jáde, ẹ kà á, mọ́kànlá ló gbọ́dọ̀ pé. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé nílé, torí bí ẹ bá tẹ *346# lórí fóònù yín, NIN tiyín lẹ máa rí, kì í ṣe tàwọn ọmọ.