Èdè wo àti irinṣẹ́ wo ni kí n fi ṣe géèmù ayò?

Aláyò Ìbàdàn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí kọ̀ǹpútà. Aṣọ ni mò ń rán, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ó ti ń wù mí láti ṣe géèmù ayò ọlọ́pọ́n tí èmi àti àwọn ọmọ mi yóò máa ta lálẹ́. N kò fẹ́ fi pa owó, n kò sì fẹ́ fi wá iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà mi ti dàgbà díẹ̀, RAM rẹ̀ kò ju 4 GB lọ, dátà tí mo ń rà kì í sì í pẹ́ tán. Ẹnì kan ní kí n kọ́ C++, ẹlòmíràn ní C# àti irinṣẹ́ géèmù tí ń jẹ́ Unity, ọmọ àbúrò mi sì ní Python ni wọ́n ń kọ́ wọn nílé ẹ̀kọ́. Oṣù mẹ́ta ni mo ti fi ń wo fídíò nípa èyí tí ó dára jù, n kò sì tíì kọ ìlà kan ṣoṣo. Èwo ni kí n mú?

Akóòdù
Ẹ gbé C++ tì ná. Òun ni ìpìlẹ̀ Unreal Engine, irinṣẹ́ ńlá tí a fi ń ṣe géèmù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ gígábáìtì ni Unreal yóò gbà lórí ẹ̀rọ yín kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, RAM 4 GB kò sì lè gbé e. Unity fúyẹ́ jù ú lọ, C# sì jẹ́ èdè tí ó wà létòlétò, àmọ́ ó ṣì wúwo fún irú ẹ̀rọ yẹn.

Godot, irinṣẹ́ mìíràn tí a fi ń ṣe géèmù, ni èmi yóò mú. Orílẹ̀-èdè Ajẹntínà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láti ọdún 2014 sì ni kóòdù rẹ̀ ti wà ní gbangba fún gbogbo ayé, lọ́fẹ̀ẹ́. Fáìlì kan ṣoṣo ni. Bí ẹ bá ti gbé e wálẹ̀, kò béèrè dátà lọ́wọ́ yín mọ́. GDScript, èdè tí a ń kọ nínú rẹ̀, jọ Python gan-an. Nígbà tí ẹ bá ń dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀, ẹ mú "Compatibility", nítorí pé OpenGL, ọ̀nà kan tí ó ti pẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń ya àwòrán, ni ìyẹn ń lò, kọ̀ǹpútà àtijọ́ sì gbọ́ èdè rẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Èmi kò fara mọ́ ìyẹn tán, Akóòdù. Ẹni tí kò tíì kọ ìlà kan rí, tí a bá gbé Godot ka iwájú rẹ̀, bọ́tìnnì ni yóò máa wò títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ayò fúnra rẹ̀. Ihò 12 ni ó wà lójú ọpọ́n, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin nínú wọn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ìlà kan ni ìyẹn ní Python:

`opon = [4] * 12`

Ẹ kó ihò kan, ẹ sọ iye inú rẹ̀ di òdo, kí ẹ sì máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kún àwọn ihò tí ó tẹ̀ lé e. Kò sí àwòrán, kò sí ohùn, nọ́ńbà lásán lórí ojú dúdú. Bí ọgbọ́n ayò bá ti pé síbẹ̀, ẹ lè wá gbé e lọ sí Godot, kí ó ku ọpọ́n nìkan tí ẹ ó yà.

Aláyò Ìbàdàn
Mo gbọ́ ti Ìyá Ìbejì, mo sì ṣe é lálẹ́ àná. Ó dáa títí mo fi kó ihò tí ó kẹ́yìn. Ohun tí ó kọ sí mi ni "list index out of range", ó sì dúró.

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú oríire, àṣìṣe gidi nìyẹn. Láti òdo ni Python ti ń ka nǹkan, nítorí náà ihò kejìlá ń jẹ́ 11, kò sì sí èyí tí ń jẹ́ 12. Bí ọwọ́ yín ṣe máa ń ṣẹ́rí padà létí ọpọ́n, báyìí ni kí ẹ kọ ọ́:

`iho = (iho + 1) % 12`

Àmì % yẹn ń mú ohun tí ó ṣẹ́kù wá nígbà tí a bá pín nǹkan: 12 sí ọ̀nà 12 kò ṣẹ́ku nǹkan kan, ẹ ti padà sí òdo nìyẹn. Bí ihò kan bá kún tó ọmọ 12, ẹ rántí fo ihò tí ẹ ti kó o bí ẹ bá yípo dé ibẹ̀; `if` kan ṣoṣo, ìyẹn àṣẹ "bí ó bá jẹ́ pé", ni ó máa gbà.

Akóòdù
Mo gbà fún yín, Ìyá Ìbejì. Ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún un. Bí ẹ bá fẹ́ kọ Yorùbá sójú géèmù yín, ẹ mọ̀ pé Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún ẹ̀ tàbí ọ́. Lẹ́tà ni yóò wà lọ́tọ̀, àmì ohùn lọ́tọ̀. Ní Pygame, àkójọ kóòdù tí a fi ń ṣe géèmù pẹ̀lú Python, àmì náà lè má jókòó sórí lẹ́tà dáadáa. Godot 4 mọ bí a ti ń tò wọ́n, bí ẹ bá fún un ní fọ́ńtì bíi Noto Sans.

Aláyò Ìbàdàn
Ó ti yípo o! Ọmọ mi kejì ti nà mí lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ń bínú pé òun kò rí orúkọ òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò òun. Lálẹ́ òní ni mo máa gbé Godot wálẹ̀.