Ẹ má pè é ní "ibi ìkọ̀kọ̀": adelé ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé orúkọ Yorùbá wo ló yẹ Mystery Zone, ibi dúdú tí ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbá géèmù máa ń já sí nínú Pokémon Diamond àti Pearl, géèmù méjì tí a ti ń mú ẹranko àfinúrò. Àbúrò wa kan ní Ìkéré ní ká máa pè é ní "ibi ìkọ̀kọ̀". Ẹlòmíì mú "ibi òfo" wá. Ẹ̀gbọ́n wa l'Adó fara mọ́ "ibi àdììtú". Lójú tèmi, ju nǹkan kan lọ la fẹ́ fi orúkọ kan ṣoṣo bò, ìdí nìyẹn tí ẹnu wa kò fi kò.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ná. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006 ni géèmù méjèèjì jáde ní Japan fún Nintendo DS. Wọ́n gé Sinnoh, ilẹ̀ tí eré náà ti ń ṣẹlẹ̀, sí ègé-ègé, ègé kọ̀ọ̀kan jẹ́ táìsì (onígun mẹ́rin kékeré tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀) 32 ní ìbú, 32 ní òró. Ẹ̀rọ náà kì í gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mẹ́rin tó yí ẹsẹ̀ rẹ ká ló ń gbé, bí o sì ti ń rìn ló ń sọ ti ẹ̀yìn nù tó ń kó tiwájú. Àtòjọ orúkọ ibi gbogbo wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń wá orúkọ níbẹ̀. Orúkọ tó wà ní nọ́ńbà òdo kì í ṣe ti ìlú kankan. Òun gan-an ni Mystery Zone.

"Ibi ìkọ̀kọ̀" kò bá a mu, torí kò sẹ́ni tó fi í pa mọ́. Àwọn ibi ìkọ̀kọ̀ wà nínú géèmù yìí kan náà: Newmoon Island tí Darkrai ń gbé, àti Flower Paradise tí Shaymin wà. Wọ́n ya àwọn yẹn parí, wọ́n kó ẹranko sínú wọn, wọ́n wá ti ilẹ̀kùn pa títí di ọjọ́ tí iléeṣẹ́ bá pín kọ́kọ́rọ́. Ibi ìkọ̀kọ̀ pọ́ńbélé nìyẹn. "Òfo" náà kò ṣe é gbà. Létí wa, òfo ni ohun tó ṣègbé, ohun tí a pàdánù. Bí a tilẹ̀ sọ ọ́ di "òfìfo", ibi tó lórúkọ, tí ẹsẹ̀ ń rìn nínú rẹ̀, kò ṣófo. Ẹni tó yẹ kó jókòó síbẹ̀ ni kò sí.

Ohun tó mú mi dábàá "adelé" nìyẹn. L'Èkìtì, a kò ní ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọdé. Ọba wàjà, wọ́n fi ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó, ó wọ aṣọ ọkùnrin, ó dé adé, títí wọn yóò fi yan ọba tuntun. Orúkọ adelé, máàpù adelé, àwòrán adelé: ẹnu gbà á, kò gùn, ó sì ṣe é lò fún kọ̀ǹpútà mìíràn tó yàtọ̀ sí géèmù. (Àwa tí à ń pe ilé ní ulé kò ní torí ìyẹn sọ ọ́ di adulé, ẹ fọkàn balẹ̀.)

Ẹ̀gbọ́n l'Adó bi mí pé adelé ń pàṣẹ, àṣẹ wo ni nọ́ńbà òdo ń pa? Ẹ̀gbọ́n, ó ń dáhùn. Nígbàkigbà tí ètò inú géèmù bá bèèrè pé "kí ni wọ́n ń pe ibí?", ìdáhùn gbọ́dọ̀ wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ohunkóhun tó bá ṣèèṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtòjọ ni yóò kà. Ẹ wo ibi tí adelé kò ti tó: Pokémon Red ti 1996 ní àyè 190 fún ẹranko, 151 péré ló ní ẹranko nínú, 39 tó kù ni wọ́n kọ MissingNo. sí. Orúkọ wà, àwòrán gidi kò sí. Bí ó bá yọjú sí ọ létí òkun erékùṣù Cinnabar, àwòrán inú Hall of Fame (àkọsílẹ̀ ẹranko àwọn tó borí) á dàrú, nǹkan kẹfà tó wà nínú báàgì rẹ á sì fi 128 lé sí i. Adelé tí kò ní ìjòyè nìyẹn.

Ilẹ̀ dúdú tí a ń rìn nínú rẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe adelé, ẹ jẹ́ ká pè é ní "ẹ̀yìn odi", bí àwọn baba wa ṣe pe ohun tó kọjá odi ìlú. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó jáde ní Japan, yàrá Aaron, ọ̀kan nínú àwọn akọni mẹ́rin tí a ń bá jà kẹ́yìn, ni wọ́n ń gbà débẹ̀: wọ́n á kọjú sí ilẹ̀kùn, wọ́n á lo Surf, agbára tí a fi ń rìn lórí omi. Wọ́n dí ihò yẹn kí ti Gẹ̀ẹ́sì tó jáde, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ lórí jíà tó yá jù ṣì ń ṣe é. Bí o bá ń sáré lọ sáré bọ̀ lórí ojú ìlà tí ègé tuntun ti ń wọlé, ẹ̀rọ kò ní ráyè gbé e tán. Nígbà tí ojú kò rí nǹkan kan, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń kà. Ẹni tó bá ṣì í kà, tó wá séèfù síbẹ̀, ti há, torí séèfù kan ṣoṣo ni géèmù náà ní.

Glitch City ti Red tún yàtọ̀. Ìlú ni, àmọ́ táìsì rẹ̀ ti pòrúúrùú. Ìṣísẹ̀ 500 tí Safari Zone, ọgbà tí a ti ń mú ẹranko, fún èèyàn ló ń fà á. Bí a bá fi ẹ̀tàn jáde kó tó pé, kíkà náà ń bá wa kiri ìta. Nígbà tó bá pé, wọ́n á gbé wa padà sí ẹnu géètì, géètì náà á sì wá nọ́ńbà ilẹ̀kùn kan nínú ìlú tí a tẹ̀ kẹ́yìn, ìlú tí kò ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Fly, agbára fífò, ni wọ́n fi ń jáde. "Ìlú rúdurùdu" ni mo fọwọ́ sí. Wúruwùru tí ẹnì kan sọ kò dùn mọ́ mi, ìyẹn bá iṣẹ́ tí a fi ìkánjú ṣe mu jù.

"Ibi Àdììtú" kò sì ṣòfò o. Ohun tí wọ́n kọ sójú ẹ̀rọ ní èdè Japan, Nazo no Basho, òun gan-an ló túmọ̀ sí. Kó dúró bí orúkọ tí òǹkàwé rí, kí adelé jẹ́ orúkọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ku Faraway place, tí Diamond ń kọ sára ẹranko tí wọ́n mú níbi tí Diamond kò mọ̀, bí ibi tó jẹ́ ti Platinum, àbúrò Diamond àti Pearl, nìkan. Adelé lòun náà, ṣùgbọ́n bí a bá ń túmọ̀ ohun tó wà lójú ẹ̀rọ, "Ìdálẹ̀" ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ "ibi jíjìn".