Kí ni a ó máa pe àtàǹpàkò tí kò gún?

Ọ̀kan nínú àwa tí à ń wá orúkọ Yorùbá fún àwọn ìṣòro yìí dábàá pé kí á máa pe gbogbo ìṣòro àtàǹpàkò tí a bí mọ́ ọmọ ní "àtàǹpàkò alábùkù". Mo bẹ̀bẹ̀ kí á má gbà á. Ẹni tí a bá tàbùkù, a ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nìyẹn, kò sì yẹ kí ìyá gbọ́ irú rẹ̀ nípa ọmọ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ náà tún da ohun tí ìtọ́jú wọn kò jọra pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú èyí tí orí àtàǹpàkò ká sílẹ̀ tí kò ṣe é nà. Bí dókítà bá fọwọ́ tẹ ìdí rẹ̀ níhà àtẹ́lẹwọ́, yóò kan kókó kékeré kan tó le: iṣan tó ń ká ìka ló wú níbẹ̀, tí kò lè gba inú àkọ̀ rẹ̀ kọjá mọ́. Alphonse Notta, oníṣègùn ará Faransé, ṣàpèjúwe kókó yìí ní 1850. Síbẹ̀, àwọn tó yẹ ọwọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun wò kò rí i lọ́jọ́ ìbí; ẹ̀yìn ìgbà náà ló ń yọjú, nítorí náà "àbímọ́" kò bá a mu. "Àtàǹpàkò oníṣan-híhá" ni mo dábàá. Nígbà mìíràn a máa tú fúnra rẹ̀. Bí kò bá tú, wọn a la ẹnu àkọ̀ náà.

Ti àtàǹpàkò méjì lórí ìdí kan ńkọ́? Olúgbódi, tí à ń pe ẹni tí a bí pẹ̀lú ìka mẹ́fà, jẹ́ orúkọ ọmọ, kì í ṣe ti ìka. "Ìka àlékún" sì ń tan ni jẹ, bí ẹni pé ọ̀kan pé, tí èkejì kàn jẹ́ àfikún tí a lè gé dànù. Bẹ́ẹ̀, nínú méjèèjì, kì í sábà sí èyí tó tóbi tó àtàǹpàkò gidi. Oníṣẹ́ abẹ a yọ èyí tó kéré jù, a sì tún okùn oríkèé èyí tó kù ṣe, kí ó má baà wọ́. Mo fara mọ́ "àtàǹpàkò ẹlẹ́ẹ̀ka-méjì".

Èyí tó kéré jù tàbí tí kò sí rárá ni mo rò jù. Òbí tó bá gbọ́ "aláìdàgbà" yóò máa dúró kí ó dàgbà, bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn oríkèé ìdí rẹ̀ ni kò sí, tàbí kó jẹ́ pé awọ lásán ló gbé e dání, tó ń fì dirodiro. "Aláìpé" sàn jù, torí yóò mú kí dókítà wá ohun mìíràn tí kò pé, nínú ọkàn, kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀, tó máa ń bá a rìn. Bí oríkèé ìdí kò bá sí, wọn a gé ìka ìfábẹ̀lá kúrú, wọn a yí i kọjú sí àwọn ìka yòókù. Iṣẹ́ abẹ yìí ni mo pè ní "ìfìka-ṣàtàǹpàkò". Lẹ́yìn rẹ̀, àtàǹpàkò ni n ó kọ sínú ìwé ọmọ náà, torí iṣẹ́ tí ìka ń ṣe ló sọ ọ́ ní ìfábẹ̀lá, iṣẹ́ náà sì ti yí padà.