Wọ́n ní ọmọ mi sanra jù: kí ni kí n ṣe tí kò fi ní dun ọmọ náà?

Ìyá Àbíkẹ́: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn. Ọmọ mi obìnrin pé ọdún 8 lóṣù tó kọjá. Ikọ́ ni mo tìtorí ẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n wọn gíga rẹ̀, wọ́n fi wé àtẹ ìdàgbàsókè, dókítà wá sọ fún mi pé ọmọ náà ti sanra débi pé ó ti di àìsàn. Iwájú ọmọ ni wọ́n ti sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, kò fẹ́ jẹun lójú ẹnikẹ́ni mọ́. Lálẹ́ àná, mo bá a níwájú dígí tó ń fi ọwọ́ méjèèjì ti ikùn ara rẹ̀ wọlé. Ṣe ni mo sá jáde kó má bàa rí ẹkún mi.

Ìyá ọkọ mi ló máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀ tí mo bá lọ síbi iṣẹ́. Mo ṣàlàyé fún wọn, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí ọmọ rù hangogo ni. Ọkọ mi ní tó bá ń dàgbà, ara á fà. Níléèwé, wọ́n ń pè é ní erin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ọdún 11 rí tẹ́ẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń jẹ. Ṣé kí n dín oúnjẹ tirẹ̀ kù? Ṣé oògùn wà fún un? Ṣé èmi ni mo fà á?

Àdùnní: Ẹ má fún un lóúnjẹ alẹ́ mọ́. Tíì kan wà tó máa ń fa ikùn wọlé, ẹ máa fún un láràárọ̀.

Nọ́ọ̀sì Fúnmi: Àdùnní, ẹ jọ̀ọ́, ká má ṣe ìyẹn. Ọ̀pọ̀ irú tíì bẹ́ẹ̀ kò ṣe ju kó mú ọmọ yàgbẹ́ lọ, ọmọ tó ń dàgbà kò sì gbọdọ̀ máa sùn lébi.

Ìyá Àbíkẹ́, ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọdé. Ẹ̀yin kọ́ lẹ fà á. Ohun tí ọmọ jogún nínú ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, oorun wà níbẹ̀, ìjókòó wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọmọ ìyá méjì fi lè jẹ ohun kan náà tí ara wọn ò sì ní dọ́gba. A kì í ka ìwọ̀n ọmọdé bíi ti àgbà. Ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ tó jẹ́ obìnrin bíi tirẹ̀ la fi ń wé e. Lórí àtẹ Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ọmọ ọdún 5 sí 19, tí ìwọ̀n ọmọ sí gíga rẹ̀ bá ti kọjá ìlà +1, ìyẹn ìlà àkọ́kọ́ lókè ìlà àárín, ó ti sanra ju bó ṣe yẹ. Tó bá kọjá +2, ohun tí dókítà yín ń sọ nìyẹn. Ó yẹ kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà, pẹ̀lú aṣọ ìwépá tó bá apá ọmọdé mu.

Ẹ dá mi lóhùn: ṣé ó máa ń hanrun, tí èémí rẹ̀ á dá díẹ̀ kó tó tún mí? Ṣé ó ń mu omi ṣáá, tó sì ń jí tọ̀ lóru? Ṣé ọrùn tàbí abíyá rẹ̀ dúdú, tó nípọn bíi fẹ́lífẹ́ẹ̀tì? Ṣé ó ń ga? Ọmọ tó ń sanra tí kò ga mọ́, a ní láti yẹ omi ara tó ń darí ìdàgbàsókè wò. Tó bá sì ń tiro, tí ìbàdí tàbí orúnkún ń dùn ún, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó gbé e lọ.

Ní ọjọ́ orí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà la kì í lé kó rù. A ń fẹ́ kí ìwọ̀n rẹ̀ dúró díẹ̀ kí gíga rẹ̀ lè bá a. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀kan kọ́ sì ni ìtọ́jú yìí. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2023, ní ó kéré tán wákàtí 26 ni kí òṣìṣẹ́ ìlera fi jókòó ti ọmọ àti ẹbí rẹ̀ láàárín oṣù 3 sí 12. Nítorí náà, ẹ padà lọ, kẹ́ ẹ sì béèrè ọjọ́ míì. Oògùn kọ́ ni a ó fi bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Túndé: Ọmọ ọdún 9 ni tiwa nígbà náà. Àṣìṣe wa ni pé a ya oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀. Kò pé oṣù kan tí a fi ń bá ọ̀rá ìpápánu lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ojú tì mí, torí èmi tí mò ń bá a wí ni mò ń mu ẹlẹ́rìndòdò jù nínú ilé.

A wá yí gbogbo ilé padà. A kò ra ohun mímu dídùn wálé mọ́, títí kan omi èso inú páálí, torí ṣúgà ni òun náà. A pa tẹlifíṣọ̀n tí a bá ń jẹun. Àwa òbí là ń yan ohun tí a máa jẹ àti àkókò rẹ̀, òun ló ń sọ pé òun ti yó, a ò sì fipá mú un parí àwo. Fóònù kò wọ yàrá lálẹ́ mọ́. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12. Wọ́n ní kó máa ṣeré tó ń mú kó mí hẹlẹhẹlẹ fún wákàtí kan lójúmọ́, èmi àti ẹ̀ la jọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú wa. Nígbà tó fi máa pé ọdún kan, ó ti ga sí i, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó wà.

Tèmítọ́pẹ́: Èmi ni ọmọ yẹn nígbà kan. Bàbá mi máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n rò pé ó máa mú mi rù. Jíjẹun ní ìkọ̀kọ̀ ni ìyẹn kọ́ mi. Ẹ bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa orúkọ erin yẹn lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dúró dìgbà tó bá rù.

Ìyá Àgbà: Ọmọ mi, ìyá ọkọ ni èmi náà. Ojú wa rí ọmọ tí àìjẹun pa, ìdí nìyẹn tí ọmọ tó sanra fi ń fún wa lọ́kàn balẹ̀. Nígbà tí ìyàwó ọmọ mi ní kí n má fún ọmọ ní nǹkan kan mọ́, mo rò pé ó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi ni. Ohun tó tù mí lára ni pé ó mú mi dání lọ sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì fi ìlà yẹn hàn mí, ó sì bi mí pé kí ni mo lè ṣe. Mo ní mo lè máa mú un rìn wálé láti iléèwé. Iṣẹ́ mi nìyẹn títí dòní. Mú màmá yẹn dání.

Ìyá Àbíkẹ́: Ẹ ṣé o. Ó ń hanrun, ó ti pẹ́. Ọrùn rẹ̀ sì dúdú. Ìdọ̀tí ni mo pè é, kàn-ìn-kàn-ìn ni mo fi ń ha á láràárọ̀, ó máa ń sunkún. Háà.

Nọ́ọ̀sì Fúnmi: Ẹ má ha á mọ́. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Ó sábà máa ń fi hàn pé ínsúlínì, ìyẹn omi ara tó ń darí ṣúgà ẹ̀jẹ̀, kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, dókítà á fẹ́ yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ fi fóònù gba ohùn híhanrun náà sílẹ̀ lóru òní, kẹ́ ẹ mú un lọ. Kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ kọ́kọ́ wọlé, kí ọmọ má tún gbọ́ ọ.

Ìyá Àbíkẹ́: Mo ti bẹ̀ ẹ́ nípa ọrùn yẹn. Ọjọ́ Ajé la ń lọ. Màmá ní àwọn máa bá wa lọ, pé àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí ìlà náà.