Oúnjẹ òkun tí mo sè fún ìyá ọkọ mi ti dá wàhálà sílẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyàwó Iléṣà, 7:48 alẹ́
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi á gùn, inú mi bàjẹ́ gan-an ni. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń wo àwọn tó ń se seafood boil lórí fóònù, tí wọ́n á da akàn, edé ńlá, àgbàdo, pòtétò àti ẹyin sórí tábìlì, tí gbogbo ilé á yí i ká, tí wọ́n á máa fọwọ́ jẹ ẹ́. Àbúrò mi tó wà ní Houston fi èròjà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, èyí tí wọ́n ti pò pọ̀ sínú ọ̀rá látọ̀hún. Nígbà tí ìyá ọkọ mi ní àwọn ń bọ̀ láti Ìbòkun, mo ní oúnjẹ tí mo máa fi ṣe wọ́n lálejò nìyẹn.

Owó tí mo ná, ẹ má wulẹ̀ bèèrè. Ọjọ́ méjì ni mo fi wá akàn kiri Ọjà Àtàkúnmọ́sà kí ẹnì kan tó bá mi rà á wá láti Èkó. Àbúrò ọkọ mi obìnrin jókòó síbẹ̀, kò ti ẹ̀ bá mi bó pòtétò kan, ẹ̀rín ló ń rín. Mo ya ti Màmá sọ́tọ̀ nítorí ọ̀wọ̀, akàn nìkan ni mo bù fún wọn. Wọ́n jẹ méjì, wọ́n mú ìkẹta, wọ́n tì í sílẹ̀, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ pa àwọn ni. Wọ́n bá wọ yàrá lọ. Ọkọ mi ní ṣe bí òun ti sọ fún mi kí n gúnyán. Látìgbà yẹn kò bá mi sọ̀rọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣì ṣe? Ṣé èròjà yẹn ni kò dáa ni?

Ìyá Ìbejì, 7:53 alẹ́
Ìyàwó, ìwọ náà lo jẹ̀bi. Ìyá Ìjẹ̀ṣà wá sílé ẹ, o ò gúnyán, akàn lo gbé fún wọn! Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ, ìrẹsì díndín ni mo fi gba ìyá ọkọ mi lálejò. Wọ́n wò ó, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ẹyẹ ni ọmọ àwọn fẹ́. Odidi ọdún kan ni wọ́n fi sọ ọ́. Lọ gúnyán báyìí, kúnlẹ̀, kí o bẹ̀ wọ́n.

Ará Baltimore, 7:57 alẹ́
Ẹ má tíì bú u. Àbúrò mi, omi mélòó lo fi sè é? Ṣé gbogbo ọ̀rá náà lo dà sí i? Ṣé o tún fi iyọ̀ sí i? Èròjà wọ̀nyẹn, iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn, lẹ́yìn náà ni ata, músítádì, ewé béè àti kọríáńdà. Omi ńlá ni wọ́n ṣe é fún.

Ìyàwó Iléṣà, 8:01 alẹ́
Ìyá Ìbejì, mo mọ iyán gún dáadáa, kì í ṣe pé mo ya ọ̀lẹ.
Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ọ̀rá náà ni. Ìkòkò tí mo fi ń sebẹ̀ ni mo lò, omi náà ò pọ̀, mo fẹ́ kó ki. Mo fi Maggi méjì àti iyọ̀ díẹ̀ sí i, torí mi ò tíì rí ọbẹ̀ tí kì í ní Maggi. Mo wá bu omi rẹ̀ lé akàn náà lórí.

Ará Baltimore, 8:04 alẹ́
Háà! Omi yẹn kì í ṣe ọbẹ̀, àbúrò mi. Dídà nù ni wọ́n ń dà á nù. Ohun tó bá wọnú akàn nìkan là ń jẹ. Níbi tí mo wà yìí gan-an, a kì í bọ akàn nínú omi, oru la fi ń sè é, a ó wá wọ́n èròjà tí wọ́n ń pè ní Old Bay sí i. Baltimore níbí ni Gustav Brunn, ará Jámánì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1939.

Ará New Orleans, 8:07 alẹ́
Àwọn ará Maryland, ìpínlẹ̀ tí Baltimore wà, tún ti dé. Bíbọ̀ lojúlówó, ará Louisiana ló ni í. Tí iná bá ti kú, ẹ jẹ́ kó rẹ sínú omi náà fún bí ogún ìṣẹ́jú, ìgbà yẹn gan-an ni ata àti iyọ̀ ń wọlé. Oru ò lè ṣe ìyẹn.

Ará Baltimore, 8:09 alẹ́
Akàn tó ti mumi yó, adùn wo ló kù nínú ẹ̀?

Alákàn Ẹ̀pẹ́, 8:12 alẹ́
Ẹ fìyẹn sílẹ̀. Ìyàwó, ṣé akàn náà ṣì wà láàyè nígbà tó dé ọwọ́ ẹ? Èyí tó bá ti kú sínú apẹ̀rẹ̀, má sè é. Bákan náà, àgbàdo tiwa ò rí bíi tiwọn, ó le, dá a bọ̀ ṣáájú. Pòtétò ló ń kọ́kọ́ wọnú ìkòkò, akàn á tẹ̀ lé e, edé ló kẹ́yìn, ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ti tó o. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, á le bíi rọ́bà.

Ìyàwó Iléṣà, 8:15 alẹ́
Wọ́n ṣì ń rìn nígbà tí mo gbà wọ́n. Edé nìkan ló le díẹ̀ lóòótọ́.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, 8:16 alẹ́
Ẹ dúró ná. Báwo ni Màmá ṣe wà báyìí? Kí ló ń ṣe wọ́n gan-an?

Ìyá Ìbejì, 8:17 alẹ́
Ata ni. Fún wọn ní epo pupa mu, á pa á.

Ìyàwó Iléṣà, 8:19 alẹ́
Wọ́n ní ètè àwọn ń yún àwọn, mo rò pé ata ni, mo fún wọn ní omi tútù. Ọkọ mi ní ètè náà ti wú, ara wọn sì lé kókó kókó. Wọ́n ń wúkọ́.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, 8:20 alẹ́
Ẹ má fún wọn ní epo rárá! Ṣé Màmá máa ń jẹ edé?

Ìyàwó Iléṣà, 8:21 alẹ́
Wọn kì í jẹ ẹ́. Ọkọ mi sọ fún mi kí a tó ṣègbéyàwó pé èèwọ̀ wọn ni. Mo rò pé èèwọ̀ ìdílé ni, ìdí nìyẹn tí mo fi ṣa edé kúrò nínú tiwọn. Akàn kì í ṣe edé.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, 8:22 alẹ́
Ọmọ mi, ẹbí kan náà ni akàn àti edé! Ẹni tí ara rẹ̀ kọ edé, ó ṣeé ṣe kó kọ akàn, àgàgà tí ẹ jùmọ̀ sè wọ́n nínú ìkòkò kan. Sísè kì í pa ohun tí ara kọ̀ yẹn. Ọ̀fun wọn lè wú dí. Ẹ gbé wọn sínú mọ́tò báyìí, ilé ìwòsàn Wesley ni kí ẹ gbà lọ. Tí mímí bá nira, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó. Ẹ sọ fún dókítà pé akàn ni wọ́n jẹ, kí ẹ sì sọ àkókò tí wọ́n jẹ ẹ́. Gbé fóònù sílẹ̀!

Alákàn Ẹ̀pẹ́, 8:40 alẹ́
Ọlọ́run á dá ẹ̀mí Màmá sí. Ìyàwó, jẹ́ ká gbọ́ o.

Ìyá Ìbejì, 9:05 alẹ́
Mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo ń gbàdúrà.

Ìyàwó Iléṣà, 10:37 alẹ́
A wà ní Wesley. Wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́ nítan, wọ́n fa omi sí wọn lára. Ètè náà ti ń lọ sílẹ̀, wọ́n ń mí dáadáa. Dókítà ní kí wọ́n sùn síbí di àárọ̀ torí ó lè padà wá. Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé nígbà tí Màmá wà lọ́mọdé, wọ́n jẹ edé, gbogbo ojú wọn wú, ìyẹn ni ìyá wọn fi sọ ọ́ di èèwọ̀. Kò sọ èyí fún mi rí. Òun náà ń sunkún.
Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Ìkòkò kan ṣoṣo tó tóbi ni mo ní, òun ni mo fi sè é. Ṣé mo lè se ẹ̀kọ Màmá nínú rẹ̀ láàárọ̀?

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, 10:44 alẹ́
Fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ dáadáa, kàn-ìn-kàn-ìn tuntun ni kó o lò. Fọ tábìlì àti ọmọrí ìkòkò náà. Edé lílọ̀ tó wà nínú àgolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná rẹ ńkọ́?

Ìyàwó Iléṣà, 10:46 alẹ́
Màá kó o jáde kí wọ́n tó dé.